Bí A Ṣe Lè Dín Ìnáwó Ilé Kù Nígbà Tí Ọjà Gbówó Lórí

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, agbára káká la fi máa rí ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ìnáwó rẹ̀ kò yí padà. Lítà epo tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ sún mọ́ ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibòmíràn tilẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ tẹ̀lé e, owó gàrí tẹ̀lé owó ọkọ̀. Owó oṣù ló kù tí kò tẹ̀lé wọn.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún wa ni pé ká má ṣe náwó nínàákúnàá. Ẹni tó ń mu gàrí lọ́sàn-án tó ń jẹ ẹ̀bà lálẹ́, ìnákúnàá wo ló kù tó fẹ́ gé? Ohun tí mo rí ni pé bí a ṣe ń rajà ló ń jẹ owó wa ju ohun tí à ń rà lọ. Ẹni tó ń ra epo pupa ní ìgò kékeré, tó ń ra ẹ̀wà ní agolo mílíìkì, tó ń rọ gáàsì kílò kan, iye tó ń san lórí ohun kan náà ju ti ẹni tó rà á lápapọ̀ lọ. Bí owó bá ṣe kéré tó lọ́wọ́ èèyàn ni ọjà ṣe ń wọ́n fún un tó. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín dá lórí bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi lè rajà bí ẹni tó lówó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìnáwó oṣù kan sílẹ̀

Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ so báírò mọ́ ọn, ẹ fi sí ibi tí gbogbo ará ilé lè dé. Ẹnikẹ́ni tó bá ná owó, kó kọ ọ́ kó tó sùn: ohun tó rà, iye tó rà á, àti bó ṣe pọ̀ tó. Ẹ má fojú kéré bó ṣe pọ̀ tó yẹn. Tí ẹ bá kọ “ẹ̀wà, ₦1,000” lásán, ẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹ rà á wọ́n tàbí ẹ rà á pọ̀. Ẹ kọ “ẹ̀wà, agolo mélòó.”

Ẹ má yí nǹkan kan padà lóṣù yìí, ẹ má sì fi ìwé náà bá ara yín jà. Tí bàbá ilé bá ti fura pé ìwé yẹn ni wọn yóò fi dá òun lẹ́jọ́ lórí obì àti ọtí, kò ní kọ òótọ́ sí i. Ìyá ilé náà kò sì ní kọ owó tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Òótọ́ la fẹ́. Tí oṣù bá parí, ẹ fa ìlà pupa sí abẹ́ ohunkóhun tí ẹ rà ju ìgbà mẹ́ta lọ. Abẹ́ ìlà pupa yẹn ni owó tí a ń wá wà.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ pín owó ńlá ọdún sí oṣù 12

Owó ilé, owó ilé-ìwé ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, Iléyá tàbí Kérésìmesì: kò sí èyí tó ń bá wa lójijì nínú wọn, síbẹ̀ torí wọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń yáwó. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, owó ilé-ìwé ₦60,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan, ọdún sì fẹ́ gbà ₦60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦600,000, ìyẹn ₦50,000 lóṣù. Tí owó bá ti wọlé, ₦50,000 yẹn kì í ṣe tiyín mọ́. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó ra ata. Bí ẹ kò bá lè yọ gbogbo rẹ̀, ẹ yọ ìdajì. Gbèsè tí ẹ fẹ́ jẹ ti fi ìdajì dín kù nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ra oúnjẹ nígbà tó pọ̀, ẹ má sì dá a rà

Ibí ni mo fẹ́ ká ti dúró pẹ́, torí oúnjẹ ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ nínú owó ọ̀pọ̀ ilé.

Oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ló ní àsìkò tirẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ni ẹ̀wà tuntun ti ń dé láti Òkè Ọya, oṣù Kọkànlá sí oṣù Kìíní ló sì máa ń rọ̀ jù. Tó bá fi máa di oṣù Keje, ẹ̀wà ti ń tán lọ́jà, owó rẹ̀ ti gòkè. Epo pupa máa ń pọ̀ láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí ẹyìn bá ń pọ́n dáadáa. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni tòmátò máa ń pọ̀, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, torí láti oko tí wọ́n ń bomi rin ní Òkè Ọya ló ti ń wá. Tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di ọ̀wọ́n. Ọdún 2016 tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí kòkòrò Tuta absoluta ba oko tòmátò jẹ́ ní Kàdúná àti àgbègbè rẹ̀. Àlùbọ́sà máa ń rọ̀ láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, á sì wọ́n bí ọdún bá ń parí lọ. Iṣu tuntun máa ń jáde láti oṣù Keje, ṣùgbọ́n ẹ má kó o pamọ́ nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbó dáadáa, kó sì pọ̀ lọ́jà, bíi oṣù Kẹwàá síwájú, kí ẹ tó ra púpọ̀. Ẹ kọ gbogbo àsìkò wọ̀nyí sí ẹ̀yìn ìwé ìnáwó yín.

Bí ẹnì kan kò bá lágbára àpò ẹ̀wà kan, ẹni mẹ́rin lágbára rẹ̀. Ẹ wá aládùúgbò, ará ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ẹni tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, ẹ dáwó jọ, kí ẹ ra àpò ẹ̀wà kan, kẹ́ẹ̀gì epo pupa lítà 25, tàbí páálí ẹja òkú-èkó kan. A ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nígbà ọdún, tí a bá dáwó ra màlúù tí a sì pín in. Ohun tó kù ni ká máa ṣe é láìdúró de ọdún. Ará Ìbàdàn lè lọ sí Bódìjà, ará Èkó lè lọ sí Mile 12, ẹni tó bá sì sún mọ́ abúlé, kó lọ lọ́jọ́ ọjà gan-an, ní àárọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀.

Kí ìfẹ́ àárín yín má bàa bàjẹ́, ẹ fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta. Owó gbogbo yín gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Ẹni méjì ni kó jọ lọ rà á. Orí ìwọ̀n ni kí ẹ sì ti pín in, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà kan kóńgò. Kóńgò kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Àwọn kan ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, àwọn mìíràn ti fi nǹkan dí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré alágbèékọ́, irú èyí tí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú fi ń wọn báàgì wọn. Lọ́jà, ẹ ní kí wọ́n wọn kóńgò kan sínú ọ̀rá fún yín, ẹ gbé e kọ́ ọn, ẹ wo iye kílò tó jẹ́, kí ẹ fi iye kílò náà pín owó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta, ẹ ó mọ ẹni tó ń tajà pẹ̀lú òtítọ́. Ọ̀dọ̀ onítọ̀hún ni kí ẹ máa rà, kí ẹ sì fún un ní oníbàárà mìíràn.

Tí ẹ bá ti ra ẹ̀wà púpọ̀, kòkòrò ni ọ̀tá yín. Ẹ sá a sóòrùn dáadáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ, kó kún dé ẹnu, kí ẹ sì dé e pa pátápátá. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò kú nítorí àìsí afẹ́fẹ́. Kẹ́ẹ̀gì kékeré púpọ̀ sàn ju ńlá kan lọ, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń ṣí i ni afẹ́fẹ́ ń wọlé. Àpò alápò-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi Sniper tàbí apakòkòrò olómi kankan sínú oúnjẹ. Májèlé ni, sísè kò ní kó o kúrò. Ní 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà. Bí ẹ̀wà tí wọ́n ń tà fún yín bá ń rùn bí oògùn, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti wù kó rọ̀ tó.

Nígbà tí tòmátò àti tàtàṣé bá pọ̀, ẹ lọ̀ wọ́n, ẹ sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, ẹ wá fi òróró dín in. Ata díndín yìí ń dín gáàsì kù, torí ẹ̀ẹ̀kan lẹ dá iná sí i fún ọbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ilá tó bá pọ̀ jù, ẹ rẹ́ ẹ, ẹ sá a di orúnlá. Ní ti ẹ̀fọ́, àpò ìrẹsì tó ti ya, tí ẹ bu yẹ̀pẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí, tó láti gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ó ti máa já a.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wo ìdí iná ìdáná

Ẹ máa lọ rọ gáàsì ní ibùdó tí wọ́n ti ń rọ ọ́ gan-an, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a tà níwájú ilé, torí òun náà gbọ́dọ̀ jẹ èrè tirẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ní ọrùn sílíńdà, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n lù mọ́ irin, tí lẹ́tà T.W. wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n sílíńdà náà nìyẹn nígbà tó bá ṣófo. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n kí wọ́n tó rọ ọ́ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni kílò tí ẹ fẹ́ sanwó fún. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ́gúlétọ̀; tó bá ń hó, gáàsì ń jáde níbẹ̀, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ tan iná títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú kí ẹ tó sè é. Ẹ máa dé ìkòkò. Ẹ gbé omi kaná lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, kí ẹ rọ ọ́ sínú fíláàsì fún tíì àti ògì gbogbo ọjọ́ náà. Gáàsì tí wọ́n ń sọ pé ó ń yára tán, irú àwọn nǹkan wọ̀nyí ló sábà máa ń fà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: iná mànàmáná

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, fọwọ́ sí àfikún owó iná fún àwọn tó wà ní Band A, àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Yúnìtì kan fò láti ₦68 sí ₦225, kó tó rọ̀ díẹ̀ sí nǹkan bíi ₦209. Ní irú iye yìí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi wáàtì rẹ̀ ṣe ìlọ́po wákàtí tí ẹ lò ó, kí ẹ fi 1,000 pín in. Iye yúnìtì nìyẹn.

Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, tó ń gbóná tó bá ń tàn, yóò jẹ yúnìtì 10.8 lóṣù bí ẹ bá ń tàn án fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. LED oníwáàtì 9 tó ń mọ́lẹ̀ bákan náà yóò jẹ yúnìtì 1.6. Lórí gílóòbù kan ṣoṣo, nǹkan bíi ₦1,900 ti padà sápò yín lóṣù. Áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,200 tí ẹ ń lò fún ìṣẹ́jú 20 láràárọ̀ lè jẹ tó yúnìtì 12 lóṣù. Tí ẹ bá lọ gbogbo aṣọ ọ̀sẹ̀ náà pọ̀ fún wákàtí kan lọ́jọ́ Àìkú, nǹkan bíi yúnìtì 5 ni yóò jẹ. Ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan gbóná tàbí tutù ló ń jẹ iná jù: kẹ́tùlù, áyọ́ọ̀nù, fírísà, ẹ̀rọ amúlétutù. Fáànù àti rédíò kò tó ohun tí à ń bá ọmọdé jà lé lórí.

Fírísà tó bá ní àyè, ẹ fi omi inú ọ̀rá (píọ̀wọ́tà) kún un. Ohun tó ti dì nínú rẹ̀ ló ń bá a gbé òtútù ró nígbà tí iná bá lọ. Bó bá sì jẹ́ pé Band A lẹ ń sanwó fún, tí ẹ kò rí iná tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa kọ wákàtí tí iná fi wà sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ fi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ń pín iná fún àdúgbò yín. Ìwé tí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ ju ariwo lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn owó tó ń yọ́ jáde

Ẹ wo owó ìpè yín nípa títẹ *310#. Tó bá ń dín kù láìjẹ́ pé ẹ pe ẹnikẹ́ni, ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 kí àwọn ìpolówó tí ẹ kò bèèrè fún lè dáwọ́ dúró. Ní ti báǹkì, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni ẹ̀rọ ATM báǹkì tí kì í ṣe tiyín ti ń gba ₦100 lórí ₦20,000 tí ẹ bá gbà, èyí tó wà níta ọgbà báǹkì sì lè fi tó ₦500 kún un. Ẹ̀rọ báǹkì tiyín kò gba nǹkan kan. Ẹ mọ ibi tó wà, ẹ gba owó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, dípò kí ẹ máa fún oní-POS lówó lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ keje: aṣọ ẹbí àti òde

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Òde ni à ń lò láti fi hàn pé a fẹ́ràn ara wa, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n owó aṣọ ẹbí, owó téélọ̀, gèlè, bàtà, ọkọ̀ àti owó nínná, tí ẹ bá ṣe àròpọ̀ wọn lórí òde kan ṣoṣo, ẹ ó rí i pé ó lè ra àpò ẹ̀wà tí à ń sọ. Ẹ jókòó pẹ̀lú ìdílé yín níbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ sọ iye aṣọ ẹbí tí ẹ lè rà lọ́dún náà. Èmi rò pé méjì tó: fún ẹbí tímọ́tímọ́ nìkan. Ẹni tó bá mú tirẹ̀ wá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé, “Ẹ kú ìnáwó o. A ó wá bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n aṣọ ò ní ṣeé ṣe lọ́tẹ̀ yìí.” Ẹ wọ aṣọ àwọ̀ tó bá a mu tí ẹ ní nílé, ẹ fi owó díẹ̀ sínú àpòòwé. Àwọn tó bá fẹ́ràn yín yóò gba ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ múra sílẹ̀ de àìsàn

Àìsàn kan ṣoṣo lè kó ohun tí ẹ fi ọdún kan tọ́jú lọ. Ẹ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yín, bíi OYSHIA ní Ọ̀yọ́ tàbí Ìlera Èkó ní Èkó, kí ara tó ṣe yín. Ẹ bèèrè ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ nítòsí yín àti àwọn àìsàn tí owó náà kárí kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ibi tí ẹ ó kó owó sí

Tí ẹ bá jẹ gbèsè ẹlẹ́èlé, irú gbọ́mú-lé-lántà tàbí ti orí fóònù, ẹ kọ́kọ́ san án tán. Èlé orí rẹ̀ ju èrè tí ibikíbi tó jẹ́ òtítọ́ lè fún yín lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ohun tó bá bí owó yín ṣe ń wọlé mu. Ẹni tó ń pa owó lójoojúmọ́, alájọ dára fún un. Ẹni tó ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún ọjọ́ 30 yóò gba ₦29,000, torí owó ọjọ́ kan ni alájọ máa ń mú. Kò sí èrè lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà kò sí nílé níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ni kí ẹ fún, ẹ sì gba owó yín lóṣooṣù, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jọ sọ́wọ́ rẹ̀. Fún ẹni tó ń gba owó oṣù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ sàn jù, torí wọ́n ti ń yọ owó náà kó tó dé ọwọ́ yín, wọ́n sì máa ń yáni lówó ní èlé tó kéré.

Owó tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ẹ lè fi ra FGN Savings Bond lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. ₦5,000 lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń san èrè rẹ̀. Owó tó wà ní báǹkì ńlá, NDIC, àjọ adójútòfò owó báǹkì, dúró fún un títí dé ₦5 mílíọ̀nù bí báǹkì náà bá wó, ti báǹkì kékeré (microfinance) jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù. Ẹni tó bá ní òun yóò sọ owó yín di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, ẹ rántí bí owó àwọn èèyàn ṣe há sínú MMM ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 àti CBEX ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, kí ẹ pa fóònù yín dé.

Èsúsú, èyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan máa ń kó lẹ́sẹẹsẹ, ni mo fẹ́ràn jù fún ilé tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rajà lápapọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó rí owó yá láìsí èlé. Ẹni tó kó gbẹ̀yìn ti jẹ́ kí ọjà wọ́n mọ́ owó rẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ má gba nọ́ńbà èyíkéyìí tí wọ́n bá ṣáà fún yín. Ẹ wo àsìkò oúnjẹ tí ẹ kọ sẹ́yìn ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ fi ra epo pupa, kó bèèrè fún oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá fẹ́ fi ra ẹ̀wà, kó bèèrè fún oṣù Kọkànlá. Ẹni tí owó ilé-ìwé sáà tuntun ń dà láàmú, kó bèèrè fún oṣù Kẹjọ. Ẹ sọ ọ́ fún olórí èsúsú kí wọ́n tó to orúkọ, torí lẹ́yìn tí nọ́ńbà bá ti jáde, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó gbà láti pààrọ̀.